Fínígàn àti Òwúrọ̀ Ọjọ́ Kẹjọ Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ tí mo ti dé, tí ẹ ń yọjú sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi pé, "Sídíkátù, kí lo tiẹ̀ lọ ṣe ní Àkrà?", ẹ jókòó, mo ti ṣe tán láti sọ ọ́. N kò lọ ra aṣọ. N kò sì lọ fẹ́ ọkọ, ẹ̀yin aláhesọ. Òyìnbó kan ni mo wá lọ, ọkùnrin tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Fínígàn ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ìyá ìyá mi, Àṣàbí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, ẹ rí àwọ̀ rẹ̀, ẹ rí ojú rẹ̀ tó dà bí ojú ológbò. Àwọn òbí yín ló sọ ọ́ ní "Ọmọ-tí-òyìnbó-jù-sílẹ̀". Wọ́n fi bú u létí odò, wọ́n fi bú u nílé ọkọ. Ìyá rẹ̀, Ṣàláwátù, ló lọ ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Àkrà nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí. Ibẹ̀ ló ti pàdé Fínígàn, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, tó bá òwò dé, tó sì di olóṣèlú. Nígbà tí ọmọ ń rákò, Ṣàláwátù gbé e pọ̀n, ó gba ilé bọ̀. Yàtọ̀ sí orúkọ ọkùnrin náà, kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Ìyá Àgbà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Lẹ́yìn Ìléyá tó kọjá, ó pè mí sí yàrá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Sídí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù mí kù. Àwọn ará ilé ìyá mi ló sọ mí ní Àṣàbí nígbà tí wọ́n gbé mi dé, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ mi ńkọ́, ní Àkrà? Ta ló gbé mi lọ́wọ́? Ṣé bàbá mi jáde wá sọ mí lórúkọ, àbí ó sá? Bó bá sá, kí n mọ̀ pé ó sá."

Gàníyù ẹ̀gbọ́n mi ní ìrànrán àgbàlagbà ni, pé n kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sì mọ̀ mí. Mo fi àáké kọ́rí. Mo ní bí ó bá jẹ́ ibojì òyìnbó náà ni mo máa bá sọ̀rọ̀, n óò bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní padà wálé lọ́wọ́ òfo.

*Nima*

Ẹ má bi mí ní ti ọ̀nà. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ gba ibodè mẹ́ta kọjá rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá sì gbà á rí, kí Ọlọ́run má fi dán ìbàdí rẹ̀ wò.

Ilé Alhaja Rámátù ni mo balẹ̀ sí ní Nima, àdúgbò kan ní Àkrà. Òun ń ta àgádágodo àti ìṣó. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Àkrà ni wọ́n bí i sí. Ilé náà yí àgbàlá kan ká, yàrá pọ̀ bí afárá oyin, mọ́ṣáláṣí sì wà lọ́tùn-ún àti lósì. N kò tíì jókòó tán tí Alhaja fi gbé omi tútù fún mi. Mo gbé e mu tán, mo ní kí ó tún bù sí i, n kò sì ka omi yẹn sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ó wà lọ́kàn yín.

"Ó ti rẹ̀ yín paa," Alhaja ní. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Paa" ni kí nǹkan pọ̀ lápọ̀jù, èdè Twi wọn ni, ó sì ń fi í parí gbólóhùn Yorùbá rẹ̀.

Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé àga wá, wọ́n á gbé e wá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa dáhùn, Twi ni, tàbí Hausa. Mo bá Alhaja wí díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

"Aláṣọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọdún tí wọ́n lé àwa Alata, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá, kúrò níbí, ọmọdé ni mí. A dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ilé ń fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wá ní ará Ghana. Nígbà tó rọlẹ̀, a padà síbí, wọ́n tún ń pè wá ní Alata. Chale, ọ̀rẹ́ mi, níbo ni kí ẹnu ọmọ mi dúró sí?"

Mo gbá oúnjẹ mi mú. Wáákye ni, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ títí ó fi pọ́n, pẹ̀lú ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣítọ̀. Wọ́n wá bu gààrí gbígbẹ lé e lórí! Èmi Sídíkátù, gààrí lórí ìrẹsì! Mo fi ṣíbí ti gààrí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọjọ́ kẹta, èmi ni mò ń bèèrè pé kí wọ́n fi kún un.

Ohun tó le jù fún mi ni ohùn mi. Ní Àkrà, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, èló ni. Jọ̀ọ́, mo ń bọ̀. Jọ̀ọ́, rárá. Mo ń ná ọjà ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí a ṣe máa ń ná an nílé, ni obìnrin tó ń tà á bá yíjú sí Alhaja, ó bi í bóyá òun ṣẹ Alata yìí ni. Alhaja rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

*Darkuman*

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ló ní kí a lọ rí Bàbá Mùsẹ́ẹ̀nì ní Darkuman, àdúgbò mìíràn ní Àkrà. Aránṣọ ni, ojú ló mú un fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló máa ń rán aṣọ fún Fínígàn. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ọmọ ta ni nínú Ògbómọ̀ṣọ́?" Mo sọ fún un. Ó tún ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?" Mo ní aránṣọ. Bó ṣe di ọ̀rẹ́ mi nìyẹn.

"Kóòtù tó wọ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀, bàbá mi ló rán an," ó ní. "Ó ní kí wọ́n rán àpò sí i nínú, kí ó tóbi, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ló ń kó sínú rẹ̀."

Ìtàn Fínígàn tí Bàbá sọ fún mi rèé. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n òyìnbó tó ní òyìnbó lórí ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba ilẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ní Áyálándì, ebi lé òun náà jáde. Iṣẹ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù ló bá dé Àkrà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lu. Kò pẹ́ tó fi bá ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì jà, ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Kò bá àwọn òyìnbó yòókù gbé lórí òkè wọn. Yàrá méjì ló gbà nílé àwọn Gã, onílẹ̀ Àkrà, létí òkun, ó ń jẹ kọ́mì, ẹ̀kọ wọn tó le tó sì kan, pẹ̀lú ẹja, ó ń fọwọ́ jẹ ẹ́, ó gbọ́ Gã, ó gbọ́ Hausa, ó sì lè fi Yorùbá bú èèyàn.

Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ wó ìsọ̀ àwọn Alata lọ́jà, pé àlejò ni wọ́n, wọn kò ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀, Fínígàn ló gun àpótí láàárín ọjà. Ó ní, "Èmi náà, àlejò ni mí. Mo mọ bí ó ṣe ń rí kí wọ́n lé bàbá ẹni lórí ilẹ̀." Bí wọ́n ṣe dìbò fún un nìyẹn, tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Ó dúró sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí àwọn yòókù fi ń tòògbé. Wọn kò wó ìsọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni gómìnà wá fẹ́ mú un lọ sí ìgbìmọ̀ ńlá.

"Ṣé èèyàn dáadáa ni, Bàbá?" mo bi í.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìsọ̀ tí bàbá mi fi tọ́ mi, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n wó o. N kò lè sọ pé kì í ṣe èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí gómìnà ti na ọwọ́ sí i ni kò ti jẹ kọ́mì ní gbangba mọ́."

Mo wá béèrè ohun tó gbé mi wá. Bàbá Mùsẹ́ẹ̀nì mi orí. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ kan wà, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ kò yé òun. Ó ní ilé tí Fínígàn gbé ṣì wà níbẹ̀, arábìnrin àgbà kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Naa Kọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ̀, òun ni.

*Omi*

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe.

Ilé náà wà nísàlẹ̀ ìlú, níbi tí èéfín ẹja ti ń bá atẹ́gùn òkun jà. Naa Kọ́kọ́ jókòó lórí àga níwájú ilé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ funfun báláú, ó tó ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé dáadáa. Gã ló ń sọ, Alhaja sì ń túmọ̀ fún wa. Wọ́n fún wa ní àga. Obìnrin kan gbé omi jáde nínú ife, ó fi abọ́ gbé e, ó tẹ orúnkún, ó nà án sí mi.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹ̀kọ́ ilé wa. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi láti kékeré pé ilé tí n kò bá mọ̀, n kò gbọdọ̀ fẹnu kan omi ibẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ẹ ṣeun, òùngbẹ ò gbẹ mí." Mo wá bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Màmá, nítorí òyìnbó tó gbé ilé yín nígbà kan..."

Alhaja tẹ ẹsẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. N kò gbọ́, mò ń sọ̀rọ̀ lọ.

Naa Kọ́kọ́ kò bínú o. Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀rọ̀ nípa oòrùn, ó ní ẹja kò pọ̀ lọ́dún yìí, ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́ pé a wá kí òun, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó wọlé lọ. Ó tán.

A dé ìta, Alhaja gbé ọwọ́ lérí. "Aláṣọ, ẹ pa mí! Ẹ kọ omi! Níbí, omi ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá mu ún tán ni wọ́n tó máa bi í ní amanẹẹ, pé kí ló gbé e wá. Ẹni tó bá kọ omi, ó ní òun kò bá ire wá. Kò sí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan."

Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo sunkún nínú trotro, ọkọ̀ akérò wọn, èmi tí ẹ mọ̀ pé n kì í sunkún. Mo gba ibodè mẹ́ta kọjá, ife omi kan ló wá dá mi padà. Gàníyù pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní kí ó sọ fún Ìyá Àgbà pé n kò tíì ṣetán.

*Ìgbà kejì*

Wọ́n ní kí n fi ọtí ṣìnáàpù bẹ̀bẹ̀, bí àṣà wọn. Alhaja, obìnrin tó ti lọ sí Mẹ́kà, ló gbé ìgò náà. Ó fi náílọ́ọ̀nù dúdú mẹ́ta dì í, ó ń wo ọ̀tún wo òsì. Ó ní, "Ọlọ́run mọ̀ pé ìránṣẹ́ ni mí."

Wọ́n gba ìgò, wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbé omi jáde. Mo gbà á pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, mo mu ún títí dé ìsàlẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún bù fún mi. Naa Kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín jáde, ó ní bóyá kí wọ́n kúkú gbé ìkòkò fún Alata.

Lẹ́yìn náà ló tún ara ṣe lórí àga. Alhaja túmọ̀: "Ó ní ibí dára, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ẹ̀yin lẹ wà lójú ọ̀nà. Kí ni amanẹẹ yín?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ nípa Ṣàláwátù, mo sọ nípa ọmọ tó pọ̀n wálé. Mo ní, "Ìyá àgbà mi fẹ́ mọ ẹni tó sọ òun lórúkọ."

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Naa Kọ́kọ́, kò sì wò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìbéèrè ló bi mí: "Ó wà láyé?"

Mo ní ó wà láyé.

Ó pariwo orúkọ kan sínú ilé, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó ń fọ aṣọ, ẹni tó ń jẹun. Ó ní kí wọ́n jókòó. Iwájú gbogbo wọn ló ti sọ ọ́.

Láàárín àwọn Gã, ìdájí ni wọ́n ń gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ jáde. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n á da omi sórí òrùlé kí ó máa kán lé e lára bí òjò, ẹni tí ìwà rẹ̀ dára á gbé e nílẹ̀ kí ọmọ lè fìwà jọ ọ́. Bàbá ọmọ ló ń fún un lórúkọ. Fínígàn ti ṣèlérí fún Ṣàláwátù pé òun á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni gómìnà fẹ́ fi í sí ìgbìmọ̀ ńlá, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti kì í nílọ̀: bí ó bá jáde sọ ọmọ obìnrin Alata lórúkọ ní gbangba, kí ó gbàgbé àga náà. Àwọn èèyàn dúró ní àgbàlá. Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Yàrá Fínígàn méjèèjì, ó ti kó kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Bàbá Naa Kọ́kọ́, Ataa Kwei, ọmọ onílé ni, ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, tí kò tíì bímọ. Ó ní, "Ọmọ kì í dúró de olóṣèlú." Ó gbé ọmọ náà nílẹ̀ nínú omi tó ń kán. Ó sọ ọ́ ní Dédé. Ní èdè wọn, Dédé ni àkọ́bí obìnrin tí bàbá kan bí.

"Ẹ wò mí," Naa Kọ́kọ́ ní, ó sì na ìka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi ni ìyá mi kọ́kọ́ bí. Èmi ló yẹ kí n jẹ́ Dédé. Nígbà tí wọ́n gbé mi jáde, bàbá mi ní rárá, òun ti ní Dédé. Ó sọ mí ní Kọ́kọ́, obìnrin kejì. Gbogbo ayé mi ni wọ́n ti ń bi mí pé, 'Kọ́kọ́, Dédé yín dà?' Mo máa ń sọ pé ó lọ sílé àwọn Alata, ó ń bọ̀."

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá ń jẹ́ Ìdòwú, ṣé ẹnikẹ́ni ní láti sọ fún yín pé ìbejì ti ṣáájú rẹ̀? Alhaja kò lè túmọ̀ mọ́, ó ń fi ìborùn nu imú.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí Naa Kọ́kọ́ tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, Fínígàn ti já nínú ìbò, gómìnà mìíràn ti dé, kò sí ẹni tó ń pè é mọ́. Ó wá sí ilé náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kóòtù tí bàbá tó bí Mùsẹ́ẹ̀nì rán ti gbó lára rẹ̀. Naa Kọ́kọ́ ló gbé omi fún un. Ó mu díẹ̀. Wọ́n bi í ní amanẹẹ. Kò rí i sọ. Ó yíjú sí ọmọdébìnrin tó gbé omi náà, ó bi í ní Gã pé kí ni orúkọ rẹ̀.

"Kọ́kọ́."

Ó gbọ́ Gã dáadáa, ẹ rántí. Ó mọ̀ pé ìyàwó Ataa Kwei kò bí ọmọ kankan ṣáájú ọmọ yìí. Ó gbé ife sílẹ̀, omi ṣì kù nínú rẹ̀. Ó ṣí fìlà fún Ataa Kwei, ó sì lọ. Àkrà ló kú sí. Wọ́n ní àwọn á fi ibojì rẹ̀ hàn mí bí mo bá fẹ́ lọ. Mo ní ó tó.

*Ilé*

Alhaja sin mí dé ibi ọkọ̀. Ó ní, "Aláṣọ, ẹ sọ fún màmá pé bàbá rẹ̀ wá. Arúgbó ni. Ta ló máa mọ̀?"

Mo rò ó láti Àkrà dé Ìbàdàn. Irọ́ náà dùn, kò sì ní ná mi ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò rán mi lọ ra adùn. Ó ní bí ó bá sá, kí òun mọ̀ pé ó sá.

Mo bá a lórí ẹní, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ kí n kí òun tán. "Sídí, ó wá àbí kò wá?"

Mo lọ bu omi. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un, mo ní kí ó mu ún ná. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú ní Àkrà, ṣùgbọ́n ó mu ún.

"Kò wá, Màmá. Ó sá."

Ó mi orí. "Mo ti ń fura."

Mo wá sọ ìyókù. Mo sọ nípa omi òrùlé àti ọ̀dọ́mọkùnrin apẹja. Nígbà tí mo dé orí obìnrin tí wọ́n sọ ní ọmọ kejì kí ẹnikẹ́ni má baà gba ipò Dédé, Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Wọ́n kà mí mọ́ wọn?"

"Wọ́n kà yín mọ́ wọn láti òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Wọn ò tíì yọ yín kúrò."

Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kí n pè wọ́n. Mo pe Alhaja, ó ti wà nílé Naa Kọ́kọ́, ó ń retí. Ìyá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi ẹnu mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ kí ohùn òun gba ibodè mẹ́ta kọjá láìsí ọkọ̀. Kò gbọ́ Gã. Èyí tó wà lódìkejì kò gbọ́ Yorùbá. Kò dúró de ẹni tó máa túmọ̀.

"Kọ́kọ́," ó ní. "Dédé ni. Mo ti dé."